Ẹ Bi Àgùntàn Léèrè: Orúnkún Wa àti Àwọn Ẹranko Inú Ilé Àyẹ̀wò

Ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nítorí orúnkún tó ń ro ó, kó má wulẹ̀ dìde kí wa. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an la gbé wá lónìí, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko la ó gbà débẹ̀.

Àgùntàn la ó fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1982, Eric Radin, dókítà eegun kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tó lè dà bí àwàdà létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n pín àgùntàn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ń da apá kan rìn lórí kọnkéré, orí ilẹ̀ ọ̀dà ni wọ́n sì ń sùn sí. Apá kejì ń rìn lórí èérún igi tó rọ̀, wọ́n sì ń jẹko nínú pápá. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá tú orúnkún àwọn ẹran náà wò, eegun àwọn tó rìn lórí kọnkéré ti yí padà, ohun tó bo orí eegun náà sì ti pàdánù díẹ̀ lára èròjà tó ń jẹ́ kó lè fara da ìwúwo.

Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí ju ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ, torí pé kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kan àwọn àgùntàn náà, kò sẹ́ni tó gún wọn lábẹ́rẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ó sì gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí títí dòní: nígbà tí oríkèé bá fẹ́ bàjẹ́, ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àrùn tí mò ń wí ni irú làkúrègbé tó máa ń bá àgbà jà, tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2019, nǹkan bí 528 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní in, orúnkún ló sì ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ àwọn ará Igbó-Ọrà tó ti pé ogójì ọdún sókè wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009: nínú ènìyàn márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan tí àrùn yìí wà lórúnkún rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra ẹsẹ̀ màlúù lọ́wọ́ alápatà rí, ẹ mọ ohun funfun tó ń dán, tó bo orí eegun níbi tí eegun méjì ti pàdé, èyí tí a máa ń rún lẹ́nu, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bísíkíìtì. Irú rẹ̀ wà ní orúnkún tiwa náà. Ó dà bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ abẹ́ ẹní bá tẹ́jú, ẹní á pẹ́; bí ilẹ̀ bá le koránkorán tó sì rí gbágungbàgun, ibi tó yọ gọngọ yẹn ni ẹní á ti kọ́kọ́ ya. Ilẹ̀ tí mò ń wí ni eegun abẹ́ bísíkíìtì. Yàtọ̀ sí méjèèjì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó bo inú oríkèé láti ẹ̀gbẹ́. Òun ló ń ṣe omi tó ń jẹ́ kí eegun kan lè yọ̀ lórí èkejì láìha.

Bísíkíìtì yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bó bá ṣeé ṣe láti gún bísíkíìtì orúnkún yín nìkan lábẹ́rẹ́, ẹ ò ní mọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi: “bísíkíìtì rẹ̀ ti jẹ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn ún.” Ohun tí kò mọ ìrora, báwo ló ṣe wá ń dunni? Eegun abẹ́ rẹ̀ ní ìmọ̀lára. Awọ inú oríkèé ní ìmọ̀lára. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí ló yẹ ká lọ bi léèrè.

A tún máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé “omi orúnkún mi ti gbẹ.” Mi ò bá wọn jà, bó ṣe ń ṣe wọ́n ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n orúnkún tí awọ inú rẹ̀ bá ń bínú, omi rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń wú, tí dókítà fi máa ń fa omi jáde lára rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tí wọn ò wo ènìyàn fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi lọ ń yọ ẹranko lẹ́nu? Àrùn yìí lè gba ogún ọdún lára ènìyàn kó tó dójú ẹ̀. Orúnkún tí oníṣẹ́ abẹ bá yọ kúrò láti fi ti irin rọ́pò, òpin ọ̀rọ̀ nìkan ló lè fi hàn wá, kò lè sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. A ò sì lè máa la orúnkún ẹni tí nǹkan ò ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ká lè mọ ọjọ́ tí àrùn wọlé. Èkúté kì í sábà ju ọdún méjì àbọ̀ lọ láyé. Láàárín oṣù méjì péré, a lè rí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò kan ọkàn o. Láti ọdún 1959 ni Russell àti Burch, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ìwé tó ní kí a fi ohun mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a dín iye wọn kù, kí a sì dín ìyà wọn kù. Ilé àyẹ̀wò tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò ní gbàgbé èyí.

Ajá ni ẹranko tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yìí di ìlúmọ̀ọ́ká. Lọ́dún 1973, Pond àti Nuki ṣàlàyé bí a ṣe lè gé iṣan kan ṣoṣo nínú orúnkún ajá, èyí tó dábùú àárín orúnkún tí kì í jẹ́ kí eegun ojúgun yọ síwájú. Ẹ̀yin tó ń wo bọ́ọ̀lù mọ iṣan yìí. Òun ló máa ń já tí agbábọ́ọ̀lù á fi jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá ti já, orúnkún ò dúró sójú kan mọ́, á máa yẹ̀ lójú ìrìn. Láìpẹ́, eegun tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù létí oríkèé. Èéhù eegun yìí náà ni dókítà máa ń tọ́ka sí nínú àwòrán X-ray àwọn àgbà wa.

Kenneth Brandt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indiana ní sùúrù tó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n tọ́jú irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ fún oṣù 54, ìyẹn ọdún mẹ́rin àbọ̀. Ohun tí wọ́n rí kò bá ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí mu. Bísíkíìtì kò kọ́kọ́ fẹ́lẹ́. Ńṣe ló kọ́kọ́ nípọn sí i, ó ń gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń bẹ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ìgbà tó yá ni agbára rẹ̀ pin, tí àwọn ibì kan sì jẹ títí tó fi kan eegun. Eegun abẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́, ó ń dín kù. Nígbà tó yá ló wá ki, tó le gan-an. Ẹni tó bá wo orúnkún náà lọ́dún kìíní àti ẹni tó wò ó lọ́dún kẹrin á sọ ìtàn méjì tí kò jọra, kò sì ní sí òpùrọ́ nínú wọn.

Lónìí, èkúté ló gba ipò ajá. Sonya Glasson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé ọ̀nà tí gbogbo ayé wá ń lò, lọ́dún 2007. Láàárín eegun itan àti eegun ojúgun, àwọn ege méjì kan wà tó tẹ̀ kọrọdọ, tó ń pín ìwúwo ara ká. Oníṣẹ́ abẹ á wo inú orúnkún èkúté, tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, á gé okùn tín-tìn-tín tó so ege ti inú mọ́ eegun ojúgun, á sì rán ojú orúnkún náà padà. Kò gé iṣan ńlá kankan. Ege yẹn ló kàn bọ́ kúrò ní ipò rẹ̀, èyí sì sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, wọ́n á mú orúnkún náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi oògùn tó ń yọ kálísíọ́mù kúrò lára eegun, títí eegun á fi rọ̀ tí ọ̀bẹ á lè wọ̀ ọ́. Wọ́n á fi ìda bò ó. Wọ́n á wá máa rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tó jẹ́ pé ìpele kan ò nípọn ju bí ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ. Aró méjì ni wọ́n ń lò: pupa tó ń jẹ́ Safranin O, àti ọ̀kan tó ní àwọ̀ ewé. Bísíkíìtì tó bá ṣì pé á pọ́n roro, eegun á gba àwọ̀ ewé. Níbi tí àrùn bá ti wọlé, pupa yẹn á ti ṣá lójú òkè. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ á la. Lẹ́yìn náà, á bó kúrò títí àwọ̀ ewé á fi yọ síta. Odo ni wọ́n ń fún èyí tó dá ṣáká, 6 ni wọ́n ń fún èyí tó bàjẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ló jẹ́ pé pupa yìí nìkan ni wọ́n ń ka máàkì fún. Aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ níbẹ̀, lójú kan náà, wọn ò sì bojú wò ó.

Àwọn ẹranko mìíràn wà. Irú guinea pig kan tó ń jẹ́ Dunkin-Hartley ò nílò ọ̀bẹ rárá, orúnkún rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ fúnra rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí wọ́n bí i. Eku funfun ńkọ́? Òun ni wọ́n máa ń fún ní abẹ́rẹ́ iodoacetate sínú orúnkún, oògùn olóró tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè sọ ṣúgà di agbára. Sẹ́ẹ̀lì inú bísíkíìtì á kú, awọ inú oríkèé á wú, eku á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Wọ́n á wá fi fọ́nrán náílọ́ọ̀nù tín-tìn-tín tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti mọ bí ó ti tètè ń gbé ẹsẹ̀ sókè tó. Ó wúlò fún àwọn tó ń wá oògùn ìrora. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gún àwọn ará Igbó-Ọrà ní májèlé lórúnkún, nítorí náà mi ò lè fi eku yìí ṣàlàyé bí àrùn tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò kúkú wọjà. Àgùntàn dáhùn lórí ilẹ̀ líle, ajá àti èkúté dáhùn lórí oríkèé tó ń yẹ̀, guinea pig dáhùn lórí ìran àti ọjọ́ orí, eku dáhùn lórí ìrora. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè tí a bi í nìkan. Wàhálà máa ń dé nígbà tí ẹnì kan bá gba ìdáhùn ọ̀kan nínú wọn, tó wá kéde rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo wọn ló fọhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí eegun. Kí Radin tó da àgùntàn rìn, ó ti ṣiṣẹ́ lórí ehoro. Lọ́dún 1973, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde: wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan lu ẹsẹ̀ ehoro léraléra lójoojúmọ́. Eegun abẹ́ bísíkíìtì ń sán wẹ́wẹ́, ara ń dí i, bó sì ṣe ń dí i ni eegun náà ń le sí i. Ìgbà tí eegun ti le ni bísíkíìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń yí padà. Láti ibẹ̀ ni Radin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé eegun ni ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ fi bísíkíìtì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́ nígbà náà.

Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn kí àwọn kan ní Yunifásítì Johns Hopkins tó fi èkúté tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature Medicine, lọ́dún 2013. Inú eegun wa, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ajẹ-eegun tó ń tú ti àtijọ́, àti amọ-eegun tó ń mọ tuntun. Nígbà tí orúnkún èkúté bá ń yẹ̀, ajẹ-eegun á pọ̀ lójijì. Bí wọ́n ṣe ń jẹ eegun ni purotéènì kan tí a ti kó pamọ́ sínú rẹ̀, TGF-beta, ń tú jáde lápọ̀jù. Purotéènì yìí ló ń pe àwọn amọ-eegun. Bó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á dé síbi tí kò yẹ, wọ́n á mọ eegun jọ gátagàta, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà dí TGF-beta lọ́wọ́ nínú eegun yẹn, bísíkíìtì tó wà lókè rẹ̀ ò bàjẹ́ tó ti àwọn tí wọn ò tọ́jú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: eegun ni wọ́n tọ́jú, bísíkíìtì ni ara tù.

Ìrora ńkọ́? Lọ́dún 2019, ní Johns Hopkins yìí kan náà, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì ajẹ-eegun tún ń tú purotéènì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ netrin-1, tó ń pe iṣan ìmọ̀lára wọ inú eegun náà. Nígbà tí wọ́n dá ajẹ-eegun dúró, iṣan náà ò pọ̀ mọ́, ìrora èkúté sì rọlẹ̀. Ó bá ohun tí David Felson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí lára ènìyàn ní Boston mu, lọ́dún 2001. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI wo orúnkún àwọn aláàrùn. Àwọn tí mùdùnmúdùn eegun wọn ní àpá kan tó ń tàn yòò nínú àwòrán, inú wọn ni àwọn tí orúnkún ń dùn pọ̀ sí jù.

Awọ inú oríkèé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ pé osteoarthritis kì í ṣe àrùn wíwú àti gbígbóná, pé ti gbígbó lásán ni, pé irú làkúrègbé mìíràn ló ni wíwú. Àwọn ará Nijmegen ní Netherlands ò gbà. Nínú awọ yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa jẹ ìdọ̀tí inú oríkèé. Arjen Blom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn kan, clodronate, sínú ẹ̀kán ọ̀rá kéékèèké, wọ́n fún orúnkún èkúté. Àwọn ajẹ-ìdọ̀tí gbé ọ̀rá náà mì bí ìṣe wọn, oògùn pa wọ́n. Àwọn olùwádìí wá dá àrùn sílẹ̀ nínú orúnkún tí kò ní wọn mọ́. Èéhù eegun tó yẹ kó yọ létí oríkèé ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mọ́. Ọdún 2004 ni èyí jáde. Mo rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kà, nítorí ó fi hàn pé eegun tó ń hù, awọ tó ń bínú ló ń rán an níṣẹ́. A ò lè sọ pé eegun dá wà, kí a ní wíwú dá wà.

Lọ́dún 2011, William Robinson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford fi kún un: èkúté tí a bí láìní purotéènì C5, ọ̀kan lára àwọn tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn, orúnkún rẹ̀ ò bàjẹ́ bíi ti àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ sísanra wá ńkọ́? Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ìwúwo ara ló ń tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Èkúté ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ tán. Lọ́dún 2009, Timothy Griffin àti Farshid Guilak wo àwọn èkúté tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ nítorí pé ara wọn kò lè ṣe leptin, purotéènì tí ọ̀rá fi ń bá ara sọ̀rọ̀, tàbí kò lè gbọ́ ohun tó ń wí. Wọ́n wúwo gan-an, àmọ́ orúnkún wọn ò bàjẹ́ ju ti àwọn tí kò sanra lọ. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ Guilak ní St. Louis tún lo èkúté tí kò ní ọ̀rá kankan lára. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún yẹn fún wọn, àrùn ò rí wọn mú bó ṣe yẹ. Wọ́n wá mú ọ̀rá díẹ̀ láti ara èkúté mìíràn, wọ́n fi sábẹ́ awọ wọn, níbi tó jìnnà sí orúnkún. Àrùn mú wọn. Ọ̀rá tí kò tẹ orúnkún rárá ló ránṣẹ́ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi èyí ṣe àwáwí o. Dídín ara kù àti ṣíṣe eré ìmárale ń dín ìrora orúnkún kù lára ènìyàn, ìyẹn ti dájú. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ló kàn ju ìwúwo nìkan lọ.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Lọ́dún 2004, àwọn olùwádìí fún eku tí wọ́n gé iṣan orúnkún rẹ̀ ní alendronate, oògùn tí àwọn àgbà obìnrin ń lò kí eegun wọn má bàa fúyẹ́. Ó ń dá ajẹ-eegun dúró. Eegun abẹ́ bísíkíìtì ò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, èéhù dín kù, bísíkíìtì náà sàn. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Wọ́n gbé risedronate, ọmọ ìyá alendronate, fún ènìyàn 2,483 ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fún ọdún méjì. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006: oògùn náà ò dín ìrora kù ju oògùn àfarawé lọ, àwòrán X-ray ò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Lọ́dún 2020, wọ́n tẹ ti Ọsirélíà jáde, ènìyàn 223, zoledronic acid ni wọ́n lò níbẹ̀. Bákan náà ló rí. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi lọ ra oògùn eegun nílé oògùn.

Kì í ṣe eegun nìkan. Ní 2005, ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Ọsirélíà, fi hàn nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature pé èkúté tí kò ní énsáìmù ADAMTS-5, èyí tó ń gé èròjà inú bísíkíìtì sí wẹ́wẹ́, kì í tètè ní àrùn yìí. Wọ́n ṣe oògùn tó ń dí énsáìmù náà lọ́wọ́, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 932. Kò dá fífẹ́lẹ́ bísíkíìtì dúró. Àwọn oògùn tó ń dí interleukin-1 lọ́wọ́, purotéènì tó ń dá wíwú sílẹ̀, ti ṣiṣẹ́ lára àwọn ẹranko kan, àmọ́ wọ́n já ọ̀pọ̀ aláìsàn kulẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ wo ẹni tí a bi léèrè. Èkúté tí wọ́n sábà ń lò jẹ́ akọ, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá lọ, ọ̀dọ́ ni. Akọ ni wọ́n ń lò torí pé àrùn náà ń mú akọ èkúté ju abo lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn. Lára ènìyàn, obìnrin ló ń jìyà rẹ̀ jù, ìyá àgbà ni, kì í ṣe ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Bísíkíìtì èkúté kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì mélòó kan lọ, tiwa lè tó mílímítà méjì. Eegun èkúté kì í dá dídàgbà dúró pátápátá bíi tiwa. Ní tèmi, èyí tó burú jù ni àkókò: nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n sábà máa ń fún ẹranko lóògùn lọ́jọ́ tí wọ́n gé orúnkún rẹ̀ tàbí ní kété lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni nínú wa tó mọ ọjọ́ tí làkúrègbé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ìgbà tí a bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọdún kẹrin ajá Brandt la ti wà.

Síbẹ̀, ọ̀nà wíwú kò tíì dí. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe nítorí àrùn ọkàn, tó ní ènìyàn tó lé ní 10,000, wọ́n fún àwọn kan ní canakinumab, tó ń dí oríṣi interleukin-1 kan lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà yẹ ìwé rẹ̀ wò, tí wọ́n tẹ ẹ́ jáde lọ́dún 2020, àwọn tó gba oògùn náà tí wọ́n wá nílò orúnkún tàbí ìbàdí irin kéré ju àwọn tó gba àfarawé lọ. Wọn ò ṣe ìwádìí náà nítorí orúnkún, nítorí náà kò tíì di ẹ̀rí tí a lè fi kọ oògùn fún ènìyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá yí padà sí ni pé ajá àti ológbò fúnra wọn ń ní àrùn yìí láìsí ẹni tó gé wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú bí aláìsàn. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ NGF, tó ń mú iṣan ìmọ̀lára hù, tó sì ń mú kí ó tètè máa ro. Wọ́n ṣe tanezumab láti dí i lọ́wọ́ lára ènìyàn. Ó dín ìrora kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríkèé àwọn kan bàjẹ́ kíákíá. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìgbìmọ̀ olùgbaninímọ̀ràn FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, dìbò 19 sí 1 pé àǹfààní rẹ̀ kò tó ewu rẹ̀, iṣẹ́ lórí oògùn náà sì parí síbẹ̀. Ti ẹranko kò parí. FDA fọwọ́ sí ti ológbò, Solensia, ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ti ajá, Librela, gba ìfọwọ́sí ní Yúróòpù lọ́dún 2020, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ajá tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àmọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2024, FDA kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà ẹranko pé ìròyìn ti ń dé nípa àwọn ajá tó gba abẹ́rẹ́ náà tí ìrìn wọn wá ń ta gẹ̀gẹ̀ẹ̀gẹ̀, tí gìrì sì ń mú àwọn kan. Lẹ́tà náà kò ní kí wọ́n má lò ó mọ́. Ó ní kí dókítà sọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún ẹni tó ni ajá kó tó gún un.

Ibi tí iṣẹ́ dé nìyẹn lónìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní déédéé àsìkò yìí, a ó sọ̀rọ̀ lórí irú eré ìmárale tí ẹni tí orúnkún ń ro lè ṣe nínú ilé láìpa ara rẹ̀ lára.